Wọ́n Sọ Ọ̀fọ̀ Mi Ní Ìkanra

Fúláàtì Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Pápá Eré Ẹṣin,
Turffontein,
Johannesburg.
23 Oṣù Kọkànlá, 2015.

Àbísóyè, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ọmọ́lẹ́wà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi? Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Iléṣà. Ara tèmi le, àmọ́ inú mi ò dùn, n kò sì ní bò ó fún ọ.

O mọ ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, èmi náà á máa sunkún, a ò sì ní lè sọ nǹkan kan. Màmá mi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ẹ sin wọ́n ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti kú kí èmi ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo tó gbọ́. Ìwọ wà níbi ìsìnkú. Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, kí n tó dé orí tìrẹ.

O rántí pé tíṣà ni Olúgbémiga ọkọ mi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan ní Roodepoort. Má wò ó pé mo ń pè é lórúkọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi pè é ní Bàbá Damaris, ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jọ, àwọn tí Òyìnbó fúnra wọn ti gbàgbé. Á kọ ọ̀kan sórí bébà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, òun àti Damaris ọmọ wa á sì máa fi ṣeré. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù kẹwàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá tí n kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè wọ́n, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Túbọ̀sún àbúrò mi ní wọ́n wà ní ìpàgọ́ àdúrà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ohùn wọn há. Mo pe ìwọ, o ní o rí wọn lánàá, o ní wọ́n ń kí mi. Ọkàn mi ò gbà á. Mo ń kanra mọ́ àwọn oníbàárà ní ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fa ilẹ̀kùn taxi kan gbàgà débi pé awakọ̀ ní eish, bí àwọn ará ibí ṣe ń ké bí nǹkan bá sú wọn, pé ilẹ̀kùn òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Ìgbà náà ni ọkọ mi ríṣẹ́ ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ ara fíríìjì di tèmi. Ó kọ́kọ́ kọ crosspatch, ó ní orúkọ tí àwọn Òyìnbó àtijọ́ ń pe oníkanra nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ the sullens, ìfajúro, bí ẹni pé àìsàn ni, bí ibà. Èyí tó wá gbẹ̀yìn ni mulligrubs. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti lé ní irínwó ọdún, pé ẹni tí ó bá mú kàn máa ń fajú ro láìnídìí. Damaris á kí mi láàárọ̀ pé, "Morning, Mummy. Mulligrubs again?" Ọkọ mi tó máa ń kì mí ní Àbẹ̀ní kí n tó dìde lórí ibùsùn, kò kì mí mọ́. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó gba ipò oríkì tí ìyá mi fún mi.

Láìnídìí, Àbísóyè. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Àwa náà mọ ìkanra, a mọ ìfajúro, a mọ ẹni tó lejú koko àti ẹni tó yan odì. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí o bá fajú ro, ẹni tó rí ọ á bi ọ́ pé kí ló dé. Ọ̀tá ẹni pàápàá á bèèrè, bó jẹ́ láti fi gbọ́ ìròyìn ni. Nínú ilé tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a dúró nídìí mọ́tò. Roseline, ọmọ Iléṣà kan tí a jọ ń jọ́sìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ó wá dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọjọ́ á jìnnà síra." Mo ti ní ẹ ṣé kó tó yé mi. Mo dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n kí kú iṣẹ́. Mo wá wo ojú ọkọ mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn mọ́tò nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi.

Nígbà tí a délé, ó ní Túbọ̀sún ló pe òun, àwọn méjèèjì sì jọ fẹnu kò. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n ní Damaris ń ṣe ìdánwò mátíríkì tí wọ́n fi ń parí girama níbí, pé bí mo bá lọ, ọkàn ọmọ á dàrú, kí ó kọ ìwé tó gbẹ̀yìn ná. Mo mọ àṣà náà. Nígbà tí bàbá Lọ́lá ọ̀rẹ́ wa kú, tí Lọ́lá lóyún sínú, èmi náà wà lára àwọn tó purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n n kò fi í ṣẹ̀sín. Mo bi í pé, bí o bá tilẹ̀ pa á mọ́, kí ló dé tí o fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é ní ìwọ.

Ó ní, "Bí mo bá bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́, ìwọ náà á bi mí pé kí ni mo mọ̀. Mo rò pé bí a bá ń pè é ní ìkanra, wàá gbà pé ìkanra ni."

Mo sì gbà lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ẹ ń sin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara da ìwà mi, mo sì se àsáró tó fẹ́ràn fún un. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bù sí i.

Damaris ti sunkún títí, ó ní òun ò mọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwọn bébà náà dànù. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni màá dé Iléṣà, èmi nìkan. Olúgbémiga ní òun á tẹ̀ lé mi, mo ní kó dúró ti àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ọmọ́lẹ́wà àtàwọn ọmọ. Bá mi kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ tó bá wa sin Màmá, Ọlọ́run á san án fún wọn. Má bá mi kí Túbọ̀sún.

Ó wá ku ìwọ. N kò bá ọ jà, mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé ló ní kí o má sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo tọ́jú wọn lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ohun kan sì wà tí n kò ní lè bi ọ́ lójú kojú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ikú wọn, mo pè, Túbọ̀sún ní wọ́n ń sùn. Ìwọ wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n ń sùn lóòótọ́? Àbí wọ́n gbọ́ ohùn mi, tí wọ́n nawọ́ sí fóònù, tí ẹ ò gbé e fún wọn? Bó ṣe rí gan-an ni kí o kọ ọ́. Má tìtorí mi yí i padà.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Olúfúnkẹ́.