Màmá Oníkámẹ́rà àti Àwòrán Ẹni Tó Sùn Lórí Àtẹ̀gùn

Wọ́n bí Màmá wa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1946, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Bàbá náà ń tún aago ṣe. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn, obìnrin tí kì í bọ́ bàtà kó tó jẹun, nítorí kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún wá kan ilẹ̀kùn. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Bàbá wọn kì í gbà kí ọmọ sáré nítòsí tábìlì iṣẹ́, nítorí náà kékeré ni Màmá ti mọ bí èèyàn ṣe ń dúró jẹ́ẹ́, kó máa wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1964, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun. Láti 1967 títí di 2003, ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí aláìsàn tí Màmá fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ sọ fún un pé, "Ẹ má bẹ̀rù, kò ní dùn yín, ẹ ṣáà má mira." Ìgbà mẹ́ta ni ilé ìwòsàn mú ẹni tí Màmá fọwọ́ ara wọn kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé wọn lórí. Ìwé ìdágbére tí wọ́n fún Màmá nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì kò mẹ́nu ba ìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí.

Ní 1970, Màmá fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Apá rẹ̀ tó kán ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì máa ń sọ pé òun nìkan ni ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ti rí egungun rẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá wa ṣaláìsí ní 1999.

Ní 1972, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wa, bàbá Màmá gbé kámẹ́rà kékeré kan fún wọn, èyí tí oníbàárà kan gbé wá fún àtúnṣe, tí kò sì padà wá gbé láti ọdún mẹ́sàn-án. Irú kámẹ́rà yìí kì í pariwo. Béèyàn bá fojú sí fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò rí ojú ẹni tó fẹ́ yà ní méjì, ọ̀kan fara ti èkejì. Yóò wá máa fi ìka yí ẹnu kámẹ́rà náà díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan ṣoṣo. Màmá ní ohun tí àwọn fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: kì í jẹ́ kéèyàn kánjú. Ilé ìdáná ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, pẹ̀lú aṣọ dúdú lójú fèrèsé, àwa ọmọ ò sì gbọdọ̀ wọlé wá bu omi mu.

Ní 1988, Màmá àti àwọn mẹ́fà tó ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe awò ojú. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Kì í ṣe àwòrán àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n ń gbé wá. Ẹni tó ń so okùn bàtà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ni, tàbí ìyá àti ọmọ tí wọ́n jọ dijú nítorí eruku. Òfin Màmá ni pé kẹ́nikẹ́ni má yin àwòrán kankan títí ẹni tó yà á yóò fi sọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò tó wà nínú ẹgbẹ́ ṣí ojú ìwé fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 2009, òfin náà bá wọn débẹ̀: àlàyé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Màmá ń jókòó nílé ìjọsìn, wọn kò sì ya àwòrán ẹni tó ń gbàdúrà rí. Wọ́n ní Ọlọ́run ti ń wo onítọ̀hún, ìyẹn náà tó.

Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé ká fo ọdún 2019 nínú ìwé tí a kọ fún ìsìnkú Màmá yìí. A ò ní fò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, Màmá rí àwòrán tí àwọn fúnra wọn yà lára pátákó ìpolówó ní ibùdókọ̀, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ọkùnrin tó ń yan búrẹ́dì ládùúgbò wa ni, tí gbogbo wa ń pè ní Oníyẹ̀fun. Ó sùn lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé búrẹ́dì. Lójú ìwé ẹgbẹ́, Màmá ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá, ó ń sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ilé iṣẹ́ ìpolówó kan gé ọ̀rọ̀ yẹn dànù, ó fi lẹ́tà pupa kọ tirẹ̀: "ỌTÍ TI JẸ AYÉ ẸNI YÌÍ TÁN. ÌWỌ ŃKỌ́?"

Ọkùnrin tí kì í fi ọtí kan ẹnu! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì ti lé e, ó ní àwọn oníbàárà ń kùn. Ọmọ Oníyẹ̀fun obìnrin kọ̀, kò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́ nítorí ẹ̀sín.

Ilé ọkùnrin náà ni Màmá kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí wọ́n wọlé.

"Ẹ̀yin lẹ yà á, Mà," ó ní.

"Èmi ni," Màmá dáhùn. "Irọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ́ ni tèmi, àmọ́ èmi ni mo gbé ọkọ rẹ síta. Ọmọ mi, dárí jì mí."

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin sì fẹ́ kúnlẹ̀. Obìnrin náà ló sáré dì wọ́n mú.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó náà. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi Màmá jókòó sórí àga oníke kí ọ̀gá ibẹ̀ tó jáde, tòun ti ẹ̀rín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ohun tó bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni."

Màmá bi í pé, "Aṣọ tí mo sá síta ńkọ́? Ṣé ti gbogbo ayé nìyẹn náà?"

Ó ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà. Màmá kọ mẹ́rin. Èsì kankan ò wá.

Wọ́n wá tú àpótí fíìmù wọn. Àwòrán mẹ́fà ni wọ́n yà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí Oníyẹ̀fun sùn lórí àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra lórí fíìmù kan, kò sẹ́ni tó lè tún un tò bó ṣe wù ú. Oníyẹ̀fun ru àpò ìyẹ̀fun, ó fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò, ó nu ojú, ó jókòó, ó sùn, ó jí rí Màmá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá tẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tóbi bí aṣọ ìnura, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá sì bá wọn so ó sórí okùn láàárín òpó iná méjì, ní òdìkejì ilé iṣẹ́ náà. Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró tì í. Màmá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá dúró, tìbínú tìbínú. Lọ́jọ́ kẹwàá, ilé iṣẹ́ náà ká gbogbo pátákó rẹ̀ kúrò.

Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn: ìlà méjì, lẹ́yìn ìwé pátápátá, lábẹ́ ìkéde ẹni tó ń ta àlòkù fíríìjì. Màmá gé e, wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sọ ọ́ di ńlá, wọ́n sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀. "Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irọ́ gàdàgbà," Màmá ní. "Ẹ̀bẹ̀ wọn náà gbọ́dọ̀ tóbi bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì ránṣẹ́ pe Oníyẹ̀fun padà. Ó ní rárá, òun ti rí ibi iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà, Màmá kò gbé àwòrán kankan síta mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ rí i, kó sì gbà.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin, ọmọọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ ọmọọmọ méjì àti àbúrò méjì sílẹ̀, àti ẹgbẹ́ tí wọn kò jẹ́ kó tú ká.

Lánàá, ilé iṣẹ́ ìpolówó náà fi òdòdó ránṣẹ́, pẹ̀lú káàdì tó pe Màmá ní "ọ̀rẹ́ wa àtàtà". A ti dá a padà, òdòdó àti káàdì. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá ni yóò gbé pósí lónìí. Oníyẹ̀fun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí òun wà níwájú.

Ẹ sùn re o, Màmá. Inú ṣì ń bí àwa. Àmọ́ ẹ̀yin, ẹ ti ṣe tiyín, ẹ sinmi.