Ọjọ́ tí Windows Dàwátì Lórí Kọ̀ǹpútà Wa

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni.

Mo fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows lórí kọ̀ǹpútà ilé, nítorí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́. Nígbà tí mo tún un tàn, Linux nìkan ló jáde. Inú Windows sì ni ohùn olóògbé ìyá ọkọ mi tí a gbà sílẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń fi oríkì ki ọkọ mi. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kankan!

Mo pe Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún.

"Ṣé o pa nǹkan kan rẹ́?"

"Rárá o. Àyè tó ṣófo ni mo lò."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ò kàn tíì rí i ni."

Ó ń pe ohun tí màá tẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo tún ẹ̀rọ tàn, orúkọ Linux àti Windows sì jáde kí n yan ọ̀kan; mo yan Windows, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi nígbà tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bínú. Ó ní, "Jẹ́ ká gbọ́ ohùn náà."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì lè gbọ́ ohùn yẹn rí. Lónìí ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún gbé e sí i.