Ohun Tí Ẹni Keje Sọ

Tursunai ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kí o jókòó re, bó bá bá ọ lórí ìrìn, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òtútù ìlú Bishkek rí ọ gbé ṣe. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí bí yìnyín bá ti ń bọ̀. Màlúù tó ní àmì funfun níwájú orí ti bí, abo ni, a dúpẹ́. Batma aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi láti ìgbà tí o ti lọ.

Nurzat, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó rù jù, kí ni wọ́n ń fún yín jẹ níbẹ̀ yẹn? Alága abúlé ti kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ọkàn fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń gbé ìlú ńlá, èmi sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò, wọn ò lè fi ìyẹn kọ́ mi. N ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, mo wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tuntun, mo sì tọ̀ sínú ìgò jáàmù kan, mo dé e pinpin. Nígbà tí mo gbé e fún un, ojú tì í, ó ní Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan la fẹ́. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa fi mọ̀ bóyá ọkàn mi ń lù dáadáa? Batma rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, bẹ́ẹ̀ òun náà ti gbé ti ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Ó wá mú ìwé kan jáde pé kí n fọwọ́ sí i. Ìwé náà ní mo lè dìde kí n máa lọ nígbàkígbà tó bá wù mí, pé ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Mo wo yàrá, mo wo ààrò tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, mo ní ọmọ mi, níbo ni kí n lọ? Ilé mi nìyí! Ká má purọ́, inú bí mi díẹ̀. Àlejò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu tíì fún.

Ó tún ní kí n sọ bí àárò rẹ ṣe ń sọ mí tó, láti orí ení dé orí àrún. Mo ní ó dọwọ́ ọjọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá po ìyẹ̀fun, tí mo ń dín boorsok, tí kò sẹ́ni tó ń jí i mú lẹ́yìn mi, àrún ò tó. Ó ní kí n ṣáà mú ọ̀kan. Mo ní kó kọ ẹ̀ta, kí wọ́n má bàa sọ pé mò ń ṣe àṣejù.

Mo bi í pé kí ló dé tí Tursunai ò wá bi mí fúnra rẹ̀. Ó ní olùkọ́ yín ò gbà, pé ẹni tó bá ń bi ìyá ara rẹ̀, ohun tó fẹ́ gbọ́ nìkan ni yóò gbọ́. Olùkọ́ yẹn gbọ́n o. Ìgbà òtútù méjì ti kọjá báyìí tí o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí o ní mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ àgùntàn, pé mi ò jẹ́ kí o dé etí odò rí, mi ò jẹ́ kí o bá ẹgbẹ́ rẹ lọ sórí òkè, pé ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. O sì fi ìbínú pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi dá ọ lóhùn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti mú mi búra kó tó kú pé n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ láéláé, a kì í sì í fi ìbúra tí a ṣe fún òkú ṣeré.

Nurzat gbé fóònù sílẹ̀ láàárín búrẹ́dì àti jáàmù, ó ní ó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo kí àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ó ní kí n sọ nípa ọmọ mi, ló bá dákẹ́. Ó kàn ń mi orí. Mo rò pé ebi ni, mo bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún dákẹ́, ó ń wò mí. Háà, Tursunai, ta ló kọ́ yín ní irú dídákẹ́ yẹn? Kò sẹ́ni tó dákẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ̀rọ̀ títí gbogbo tíì fi tutù.

Nígbà tí mo parí, ẹ̀rù ìbúra bà mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, orúkọ mi ò ní hàn níbì kankan, ẹni keje ni wọn yóò máa pè mí nínú ìwé. Nílẹ̀ wa níbí, ọmọ tí ikú ń wá la máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ikú má bàa dá a mọ̀. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi ni mo sọ ọ́, ìbúra mi ò bàjẹ́. Nítorí náà, èmi ò ní sọ nǹkan kan fún ọ nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí ẹni keje sọ ni mo fẹ́ kọ.

Ẹni keje ní òun bí ọmọbìnrin kan, kò lo oṣù mẹ́ta. Ó bí ìkejì, ìyẹn ti ń rìn, ó ti mọ orúkọ ajá ilé. Odò gbé e lọ nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ létí ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yíjú. Ọkọ rẹ̀ ò bá a wí, ó kàn ní kí wọ́n má dárúkọ àwọn méjèèjì mọ́ nínú ilé, kí ìkẹta má bàa dàgbà sínú ọ̀fọ̀. Nígbà tí ìkẹta dé, orúkọ tí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá parọ́ fún un pé orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ ni. Ó jọ orúkọ tìrẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni keje ní òun mọ̀ pé òun ṣọ́ ọmọ náà jù. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọmọ kí wọ́n sì tún gbójú kúrò lára ẹ̀.

Bí o bá dé ibi tirẹ̀ nínú ìwé yín, jọ̀ọ́, má fò ó.

Jáàmù tí mo fi rán Nurzat sí ọ, jẹ ẹ́ láìfòyà, ìgò mìíràn ni. Dígí ojú mi ti sán, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ṣe òmíràn. Tàbí kí o kúkú fi owó náà wọ bọ́ọ̀sì wá, màá fi èyí tó sán wò ọ́, yóò tó mi. Ọlọ́run á dá ọ sí. Odò yòówù kí o fẹ́ là kọjá, kò ní kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,

Ẹni Keje.