Ohùn Bàbá Lẹ́nu Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Níyì,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀. Aṣọ Bàbá tí ẹbí pín fún mi lẹ́yìn ìsìnkú bá mi mu rẹ́gí.

Lánàá, ìrẹsì jóná mọ́ Moyọ̀sọ́lá, àfẹ́sọ́nà mi, lọ́wọ́. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Ohùn Bàbá gan-an ni! Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ bojú bí Màámi ṣe máa ń ṣe nígbà ayé Bàbá. Màámi kàn rẹ́rìn-ín: "Ọkọ mi, o ti dọkùnrin."

Ọdún méje tí mo fi kàwé lókè òkun, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ohùn yẹn. Báwo lẹ̀yin ṣe pa á lẹ́nu mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí ìgbéyàwó wa tó dé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ káwọn ọmọ yín gbọ́ ọ láé.

Àbúrò yín,
Yínká, Mushin.