Ta Ní Ń Kó Igi sí Iná Oòrùn?

Bàbá mi tó ti lọ, ẹni tí mo ṣì máa ń jí kí,

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì tíì sọ fún Ìyá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún.

Láti ìgbà tí ojú yín ti fọ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó jókòó síwájú ìsọ̀ abọ́ wa ní Kofar Marke, ẹ ó bi mí bóyá oòrùn ti yọ. Èmi náà á dáhùn bí ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu, pé ṣé oòrùn Sókótó náà ni ò ní yọ. Lọ́jọ́ kan ẹ bi mí, èmi tí mo ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì, ta ní ń kó igi sí iná oòrùn tí kì í fi í kú. Mo ní kò lè yé yín. Ṣé ẹ ti dárí jì mí?

Kò sí igi ńbẹ̀, Bàbá. Háídrójìn, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ, ló kún inú rẹ̀. Oòrùn wúwo débi pé ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ àárín rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ há, ó sì gbóná kọjá sísọ. Àwọn wóró háídrójìn á kọlu ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á di ohun mìíràn tí à ń pè ní hílíọ̀mù. Ohun tuntun yìí fúyẹ́ díẹ̀ ju àwọn tó para pọ̀ di í lọ. Ìwọ̀nba tó dín yẹn ló di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Bákan náà ni ti ìràwọ̀. Oòrùn ni wọ́n, ọ̀nà ló jìn.

Gbogbo ìmọ̀ yìí kò gbà mí là. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, àwọn ará Gagi, àdúgbò wa, wà lórí ìrun lágbàlá mọ́ṣáláṣí. Mo dúró sẹ́yìn. Mo fi fíìmù ẹ́kísíréè àyà yín, tí Ìyá tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bojú, mo sì wo oòrùn. Ẹ̀yìn egungun ìhà yín ni mo ti rí i, ó ti tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé. Mai ruwa tó ń ta omi fún wa, tó pẹ́ dé ìrun, ké haba, ó ní kí n tẹrí ba. N kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, ohun dúdú kan ti jókòó sáàárín ojú ọ̀tún mi. Bí mo bá fi wo Ìyá, etí rẹ̀ ni mo ń rí, n kì í rí imú. Ojú òsì nìkan ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín? Ṣé ẹ kọ́kọ́ pa á mọ́ra bíi tèmi?

Lọ́la ni n ó lọ sí ọsibítù ojú. Láàárọ̀ yìí, mo jí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lajú. Mo gbọ́ tí Ìyá ń gbálẹ̀ níta. N kò mọ ìgbà tí mo bi í, bí ẹ ti máa ń bi mí, bóyá oòrùn ti yọ.

Ó dẹ́kun ilẹ̀ gbígbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó yẹ kó ti máa dá yín lóhùn dáadáa láràárọ̀.