Naheem Oyèdìran Kò Fi Ikú Ṣeré

Sí Ìyá Badirat àti gbogbo ìdílé Oyèdìran, nílùú Osi.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ojú líle díẹ̀, ni àwa Ẹgbẹ́ Aláwòran Òkú Inú Ebè fi ń kí yín kú ará fẹ́ra kù nítorí Bàbá Badirat, Naheem Oyèdìran, tó ṣe fíìmù tí a fi sọ ẹgbẹ́ wa lórúkọ, tó sì jẹ́ baba fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ o, a ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n. Lọ́jọ́ tí a wá kí yín, Alàájì Hassan, àbúrò olóògbé tó ti Ìlọrin wá, kojú sí wa láàárín èrò, ó ní: "Ẹ kó fíìmù yín kúrò nílé wa. Ẹni tó bá ń fi ikú ṣeré, ikú á wá a wálé. A ò gbọdọ̀ gbúròó ẹ̀ mọ́ ní Osi yìí." A wọ bàtà wa, a bá tiwa lọ. Àgbà kì í jà nílé ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n a ti délé wàyí, a sì ní ẹnu.

Àtikékeré ni Naheem ti fẹ́ràn fíìmù iwin ayé àtijọ́, èyí tí mọ́tò sinimá máa ń gbé wá, tí wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Iwin á yọ, àyà gbogbo wa á já, títí a ó fi rí i pé aago wà lọ́wọ́ iwin. Àwọn kan á pòṣé. Inú Naheem ní tiẹ̀ á máa dùn ni. Ó ní àwọn tó ṣe é ò lówó, wọn ò ní iná, síbẹ̀ wọ́n dẹ́rù ba òun, wọ́n tún pa òun lẹ́rìn-ín, kí la tún ń wá? Nígbà tó wá dàgbà tó fẹ́ ṣe tirẹ̀, aago ọwọ́ ara ẹ̀ ló bọ́ fún òkú àkọ́kọ́ kó fi sọ́wọ́. Ó ní òun fi ń yẹ́ àwọn tó ṣíwájú sí ni.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí, Alàájì, torí a ò rò pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún yín. Gideon, tó ṣe àgbẹ̀ inú fíìmù náà, ti gbé ọkọ́ láti gbẹ́ sàréè tí àwọn òkú máa gbà jáde. Naheem já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. "Gideon, ṣé orí ẹ pé? Ta la fẹ́ sin? Wọn kì í gbẹ́ sàréè nígbà tí ẹnì kan ò kú. Èyí tó bá lanu sílẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa jẹ ni."

Gideon ní, "Bàbá Badirat, ibo wá ni kí òkú gbà jáde, inú ìkòkò ọbẹ̀?"

Ó wo oko yíká, ó ní kí wọ́n jáde látinú ebè iṣu. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yẹn ti dáa. Òkú hú jáde, àgbẹ̀ ò sá, ó jágbe mọ́ ọn: "Ta ló ní kó o tú ebè mi? Tún un kọ!" Òkú ń gbọ̀n, òkú ń kọ ebè. Kò sẹ́ni tó wò ó tí kì í bá a pariwo. Ní Odò-Ọwá, níbi tá a ti lọ gbé e hàn, òjò dé bá wa lẹ́nu ẹ̀, ẹnì kan ò dìde. Wọ́n fi páànù bo jẹnẹrétọ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ wá ń ké "Tún un kọ!" mọ́ òjò fúnra ẹ̀.

Ṣé ẹni tó fi ikú ṣeré nìyẹn, ẹni tí ò gbà kí wọ́n gbẹ́ kòtò eré? Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Naheem. Dókítà sọ fún yín, ó sọ fún wa. Bàbá Damaris, aládùúgbò wa, ò wo fíìmù kankan rí láyé ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló pa á.

Ìyá Badirat, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àpò ajílẹ̀ rán aṣọ fún gbogbo àwa tá a ṣe òkú nínú fíìmù náà, a ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ má wá lébírà kankan lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ á roko yín, á gbin iṣu yín, á sì bá yín wà á.

Lọ́jọ́ fídáù, tí ẹ bá ṣàdúrà tán tí oòrùn wọ̀, a ó ta aṣọ mọ́ ògiri ilé ẹgbẹ́ wa, a ó sì gbé fíìmù Naheem sí i. Ìyọ̀ǹda kọ́ là ń tọrọ. Ìjókòó iwájú wà fún Alàájì. Bí wọ́n bá wá, ká jọ sunkún, ká jọ rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá wá, wọ́n á gbọ́ wa látinú yàrá.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe Naheem jì í, kó fi Aljanna kẹ́ ẹ. Kó nu omijé nù lójú Ìyá Badirat, kó dá àwọn ọmọ sí. Kó tu Alàájì Hassan náà nínú, torí a mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kó sì fún àwa náà lóhùn tó máa dé ilé yín nísàlẹ̀ ìlú lọ́jọ́ náà. Àmín.

Elijah Akọ́ládé, alága, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.