Ta Ni Yóò Máa Dáná fún Prudence?

Èmi, Zephaniah Trewhella, tí wọ́n bí ní Cornwall, tí mo sì darúgbó sídìí iná ẹ̀rọ omi ní Lambstone Stairs, létí odò Témísì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Orí mi pé. Oníṣègùn gbà bẹ́ẹ̀. Dorcas ìyàwó mi ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù díẹ̀. Etí mi nìkan ni kò pé mọ́. Ariwo ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán, débi pé lọ́yà ń pariwo ìhágún mi sí etígbọ̀ọ́ gbogbo àdúgbò. Loveday, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ni mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí, torí òun nìkan ló máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa.

Èkíní. Kí ẹ sin mí sórí òkè, níbi tó gbẹ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni ẹsẹ̀ mi fi tutù, mi ò fẹ́ kó tún tutù lọ́run.

Èkejì. Òòlù mi, àti irin gígùn tí mo fi ń ki okùn àti ìgbẹ́ ẹṣin sí eteetí irin ńlá tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀rọ, kí ooru má baà jò, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Barnabas Fitch tó ń gbẹ́ igi di ọ̀pá omi. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìgbẹ́ ẹṣin. Àwọn èèyàn ń ṣí fìlà fún mi lójú pópó, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá ẹ̀rọ. Dorcas kì í jẹ́ kí n wọlé àfi bí mo bá ti wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ó tọ́ kí Barnabas jogún wọn, nítorí àwa méjèèjì la jọ jẹ ìtìjú ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi kóra jọ sí ojúde àwọn olówó, ife ọtí lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí omi tú jáde. Mo dáná, Prudence mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa odò mu. (Orúkọ ìyàwó ọ̀gá àgbà ni wọ́n fi sọ ẹ̀rọ náà. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Mo ti ṣàlàyé èyí fún Dorcas títí ó fi sú mi.) Omi ò dé ojúde. Igi Barnabas ti là lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo omi náà sì wọ yàrá abẹ́ ilé Enoch Pardoe lọ. Enoch yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ru omi kànga tà láti ojúlé dé ojúlé. Ó jáde sí wa, sòkòtò rẹ̀ ń ro tótó, ó ní: "Ọkọ àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Omi ni mò ń tà, omi náà lo tún gbé wá kí mi nílé." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Mo fi ẹlẹ́dẹ̀ mi sílẹ̀ fún Loveday. Kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n pa á kí wọ́n tó sin mí. Mi ò fẹ́ ká jọ rin ìrìn àjò náà.

Ẹ̀kẹrin. Ilé. Ní ilé ọtí, ilé mi ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń fọwọ́ lu àyà bí mo bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn ọ̀gá ni. Ẹni tó bá ń dáná ẹ̀rọ ló ń gbé inú rẹ̀. Bí kò bá sí ọkùnrin kankan mọ́ nínú ìdílé tàbí láàárín àna tó lè dá a, kí ọjọ́ tí omi máa ń yọ ní àdúgbò wa tó tún yí ká, àwọn ọ̀gá á ti kó ẹrù ìdílé náà síta. Loveday mọ iná yẹn dá jù mí lọ. Mo bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Dorcas ti ń fi àkísà di àwọn àwo rẹ̀. Ó rò pé mo ti sùn. Ó ń dùn mí ju àìsàn yìí lọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e jìnnà mọ́, kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ.

Ẹ̀karùn-ún. Nítorí náà, Enoch Pardoe, àna mi, ni mo yàn láti máa dáná lẹ́yìn mi, kí àbúrò rẹ̀ lè máa gbé níbi tó ń gbé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ìgbà tí Barnabas tún ọ̀pá omi ṣe ni àwọn oníbàárà Enoch bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà náà ni kò sì ti wọ ilé wa mọ́. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni Dorcas ti ń lọ pàdé rẹ̀ láràárọ̀, tó ń gba omi kànga rẹ̀, tó ń bù ú sínú ìkòkò tíì mi. Omi Prudence máa ń rùn bí èédú. Èmi tí mò ń fún ìlú lómi á wá mu tíì omi Enoch, màá ní, "Ẹ ò rí i bí omi ẹ̀rọ ṣe dùn!" Dorcas á ní, "Ó dùn, Bàbá Loveday." Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀.

Ẹ̀kẹfà. Lọ́yà ní èyí kò yẹ kó wọ inú ìwé òfin, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń kú. Enoch wá lónìí, nítorí Loveday lọ bẹ̀ ẹ́. Kò jókòó. Ó ní: "Zephaniah, ẹ̀rọ yẹn ló gba oúnjẹ lẹ́nu mi, o wá ní kí n máa fún un lóúnjẹ? Mi ò jogún nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí ni màá ṣe, káyé lè mọ̀ pé mi ò gbà á."

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ gbà. Àbúrò yín ni."

Lọ́yà na kálàmù sí i, ó sì kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè gba ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Enoch mú kálàmù náà dání. Dorcas ń di àwo lọ ní igun yàrá, kò gbójú sókè. Enoch béèrè ìgbà tí a máa ń dáná. Loveday ní nígbà tí àkùkọ bá kọ. Enoch ní abájọ, òun ti mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Kó tó di ìgbà yẹn, òun á ti ta omi dé òpin àdúgbò.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 1787.

Zephaniah Trewhella

Ẹlẹ́rìí kìíní: Gideon Sparke, akọ̀wé lọ́yà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Hester Mould, aládùúgbò.

Ẹlẹ́rìí kẹta: Tobias Venn, tó ń tan àtùpà ìlú, tí a sáré pè wọlé láti ojú pópó, nítorí Enoch Pardoe ti gbé kálàmù sílẹ̀.